Ẹnu Ògiri

Aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú díẹ̀ ní Tartu.
Odò Emajõgi ti di gíláàsì,
òtútù ń họ fèrèsé bí ológbò tí wọ́n tì síta.
Mo jókòó ti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn
pẹ̀lú ife kọfí tó ti tutù láti àná.

Òfin mẹ́rìnlélógójì ló wà lára ògiri wa:
ta ni kó wọlé, ta ni kó padà,
ilẹ̀kùn wo ni a kì í ṣí fún àlejò kankan.
Mo kà wọ́n lálẹ́, wọ́n pé.
Mo kà wọ́n láàárọ̀, wọ́n pé.
Ṣùgbọ́n òǹkà kékeré kan wà nísàlẹ̀
tó ń fi ẹyọ kan kún ara rẹ̀
nígbàkigbà tí ọwọ́ bá kan òfin.
Ojoojúmọ́ ló ń fi méjì lé.
Méjì, láìsí àlàyé.

Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu,
aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.
Èyí lanu, ó pa á dé,
ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè.

Urmas ọ̀gá mi ní, "Fi ẹ̀ṣọ́ sí i,
kó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún."
Mo ní ẹ̀ṣọ́ tó ń sùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún,
olè ló ń bá ka aago.
Ẹni tó dúró níta, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló mọ̀.

Mo fọ́ èèpo, mo dé ẹkùrọ́,
ibi tí ẹ̀rọ ti ń bá ara rẹ̀ sọ òótọ́.
Bí tèmi bá kú níbẹ̀, tirẹ̀ náà kú:
ẹkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ àdánwò kú mọ́ mi lọ́wọ́.
Níkẹyìn mo fi ìwọ̀ kékeré kan há ọ̀nà ọ̀fun
tí gbogbo ayípadà òfin gbọ́dọ̀ gbà kọjá.
Kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró.
Yóò kàn bi í ni: ta ni ọ́? Ta ló rán ọ?

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Ìwọ̀ mì.
Òfin kan wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, ó jáde.
Orúkọ tó fi sílẹ̀ ni: heino.

Heino Kallaste, tí a sin lóṣù Ọ̀wàrà,
tí ilẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ náà tí bàtà wa ń rì,
tí sùwẹ́tà aláwọ̀ eérú rẹ̀
ṣì wà lẹ́yìn àga tó kọjú sí tèmi.

Irun ara mi dìde, n ò ní purọ́.
Lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín. Òkú kì í tẹ bọ́tìnì.
Iṣẹ́ tí alààyè fi rán ẹ̀rọ ló ń jẹ́ lọ;
kò sẹ́ni tó túfọ̀ fún un.

Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí.
Kì í ṣe ìwé aláìsàn ló ń kó, kì í ṣe owó.
Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń gba ojú ihò yẹn wọlé
láti ahéré kan létí adágún Peipsi,
láti ara òṣùwọ̀n tó wà lára ògiri ilé ìdáná:
bí inú ilé ṣe móoru tó.
Mẹ́rìnlá. Méjìlá. Mẹ́sàn-án.
Lálẹ́ yìí, mẹ́rin.
Ṣé Salme ìyàwó rẹ̀ ṣì ń gbé ibẹ̀?

Òfin ní kí n dí i. Mo dí i.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: "Ihò kan, a ti dí i,"
mo buwọ́ lù ú bí ẹni tí kò mọ òkú náà rí.
N ò kọ mẹ́rin yẹn sí i.

Ní aago méje, kí ilẹ̀ tó mọ́
(oòrùn oṣù Ṣẹ́rẹ́ kì í tètè jí níbí),
mo pe fóònù ahéré náà.
Ó dún títí ó fi dákẹ́.
Mo tún pè.
"Ta nìyẹn?" Ohùn arúgbó, ọ̀fun gbígbẹ.
Mo ní, Ìyá, èmi ni mo ń jókòó kọjú sí Heino níbi iṣẹ́.
Ṣé igi ìdáná ṣì wà nílé?
Kò fèsì fún ìgbà díẹ̀.
Ó wá ní:
"Ṣé òun ló rán ọ?"